Èédú àti Àpáàdì: Bí Igbó Ṣe Ń Sin Ìlú

Ẹni tó bá ń gba títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, tó sì dé agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo, ohun méjì ni ojú rẹ̀ kò ní ṣàì rí: igbó ní ọ̀tún àti ní òsì, àti ọkọ̀ agbégẹdú tó ń kó igi ńláńlá bọ̀ láti inú igbó náà. Arère, afàrà, ìrókò, ọ̀mọ̀: igi tí ènìyàn mẹ́ta lè so ọwọ́ pọ̀ kí wọ́n má ká ìdí rẹ̀ tán. Bí a bá bi ẹni tó ń wò wọ́n léèrè pé ta ló gbìn wọ́n, yóò ní Ọlọ́run ni, pé bẹ́ẹ̀ ni igbó náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Yorùbá ní orúkọ fún irú igbó bẹ́ẹ̀. Ẹgàn ni wọ́n ń pè é, igbó tí àdá kò tíì kàn. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò jẹ́ kí a lè máa fi ọkàn balẹ̀ pe ẹkùn igbó tó ti Ìjẹ̀bú lọ dé Benin, tí Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo wà láàárín rẹ̀, ní ẹgàn mọ́. Ahoro wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ṣán ilẹ̀ náà rí, wọ́n dáná, wọ́n mọ ìkòkò, wọ́n sì lọ. Igbó wá bo ibùgbé wọn mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eérú òkè ayọnáyèéfín ṣe bo ìlú kan mọ́lẹ̀ nílẹ̀ Ítálì. Ọjọ́ méjì péré ni ti Ítálì gbà, gbogbo ayé sì ń pariwo rẹ̀ títí dòní. Tiwa gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́, ìdí nìyí tí a fi ń kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀.

Pompeii ni orúkọ ìlú Ítálì náà. Ìlú ọlọ́jà ni, lábẹ́ ìjọba Róòmù, kò jìnnà sí òkun, kò sì jìnnà sí òkè Vesuvius. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, òkè náà bú gbàmù. Òkúta fúyẹ́fúyẹ́ àti eérú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò, ooru gbígbóná tẹ̀ lé e, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kejì, ìlú ti wà lábẹ́ eérú tí jíjìn rẹ̀ tó mítà mẹ́rin sí mẹ́fà. Ibẹ̀ ló wà títí di 1748 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde. Wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù àwọn olóúnjẹ tí wọ́n ti ri ìkòkò mọ́ ojú pèpéle, kí olóúnjẹ lè máa bu oúnjẹ fún ẹni tó dúró níta. Wọ́n bá orúkọ àwọn tó ń du ipò lára ògiri, níbi tí àwọn alátìlẹyìn wọn kọ ọ́ sí. Ní 1862 wọ́n ṣí ààrò alábúrẹ́dì kan, búrẹ́dì 81 ṣì wà nínú rẹ̀, róbótó, tí wọ́n ti fi ojú ọ̀bẹ pín sí mẹ́jọ-mẹ́jọ kó lè rọrùn láti bù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Giuseppe Fiorelli, tó ń darí iṣẹ́ ìwalẹ̀ náà, ní kí wọ́n da POP, irú èyí tí a fi ń ṣe àjà ilé, sínú àwọn ihò tí òkú ènìyàn fi sílẹ̀ nínú eérú tó ti le. Nígbà tí wọ́n fọ́ eérú náà kúrò, ènìyàn ló jáde, tòun ti ọwọ́ tó fi bojú. Nínú gbogbo èyí, ohun tó yẹ ká dì mú ni ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn. Ká ní kò jóná ni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni yóò ti bu. Iná tó bà á jẹ́ náà ló pa á mọ́, nítorí pé èédú kì í jẹrà: kòkòrò kì í jẹ ẹ́, omi kì í yọ́ ọ.

Igbó kì í bú gbàmù, ṣùgbọ́n òun náà mọ ìlú sin. Ilé àwọn ará ẹkùn igbó láyé àtijọ́, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ewé gbòdògì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi ń bò ó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ bí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀ tó ń pààrọ̀ ewé, tó ń rẹ́ ògiri, tí èéfín ààrò rẹ̀ sì ń lé kòkòrò. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó jáde ni ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òrùlé á kọ́kọ́ jò, òjò á máa na orí ògiri, ikán á gun òpó. Kò ní pẹ́ tí ilé á fi di àlàpà, àlàpà á di òkìtì, òkìtì á tẹ́jú. Ìtàkùn á gba àgbàlá, igi á hù lórí ẹsẹ̀ ààrò, ewé á sì máa já lé gbogbo rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ni wọ́n ń parí iṣẹ́ náà. Ekòló a máa jẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀, a sì máa kó o wá sí òkè. Ikán a máa gbé erùpẹ̀ kíkúnná láti ìjìnlẹ̀ wá mọ ọ̀gán, òjò á sì tún wó ọ̀gán náà tẹ́ ká orí ilẹ̀. Bí erùpẹ̀ kíkúnná ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó bá tóbi ju ẹnu ekòló àti ẹnu ikán lọ ń rì díẹ̀díẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àgbàlá tí ìyá kan ti ń gbá láràárọ̀ á ti wà nísàlẹ̀, gbòǹgbò arère á sì ti gba orí rẹ̀ kọjá.

Kì í ṣe gbogbo ohun ìní ni igbó ń dá sí. Ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí púpọ̀ a máa kan, kíkan rẹ̀ a sì máa jẹ egungun tán. Igi, aṣọ, awọ àti ewé á jẹrà, irin á dípẹtà. Yàtọ̀ sí òkúta bí ọlọ àti ọmọ ọlọ, ohun tó máa ń ṣẹ́kù jù ni ohun tí iná ti kọ́kọ́ fọwọ́ bà: ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ti sun, ìdàrọ́ láti ibi tí wọ́n ti yọ́ irin, èkùrọ́ tó jóná, àti èédú. Nínú wọn, àpáàdì àti èédú ló wọ́pọ̀ jù lọ, ó sì yẹ kí Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ mọ iyì àwọn méjèèjì, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń rìn. Kí ìṣáná tó dé, ẹni tí iná rẹ̀ bá kú á mú àpáàdì lọ́wọ́ lọ fọnná nílé kejì, ẹ̀yinná á sì jókòó lórí àpáàdì títí yóò fi dé ilé. Àpáàdì nìkan ló ń ko iná lójú tí kò ní sá. Ohun tó mú un wúlò lójú ààrò ló mú un wúlò lábẹ́ ilẹ̀: ó ti la iná kọjá, kò sí ohun tí òjò àti ikán tún lè fi ṣe é.

Awalẹ̀pìtàn a máa ka àpáàdì bí ẹni ń ka lẹ́tà. Bí ó bá rí etí ìkòkò, bó ṣe kéré tó, ó lè fi bí etí náà ṣe tẹ̀ mọ bí ẹnu ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó. Èéfín tó lẹ̀ mọ́ ìdí àpáàdì á sọ fún un pé ìkòkò ọbẹ̀ ni, kì í ṣe ìkòkò omi. Ọnà ara rẹ̀ á sọ ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Yorùbá a máa yí okùn, igi fífín tàbí ṣùkù àgbàdo lórí amọ̀ tútù kí ara ìkòkò lè ní batani. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Ọkọ̀ òkun àwọn ará Yúróòpù ló gbé e dé etíkun wa lẹ́yìn ìparí ọ̀rúndún 15. Nítorí náà, àpáàdì tó bá ní ojú ṣùkù àgbàdo lára kò lè dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Ìyá tó mọ ìkòkò náà kò mọ̀ pé òun ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí i lára. Ìdí nìyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn kì í fi í kù gìrì hú ohun tí wọ́n bá rí. Wọ́n á ta okùn pín ilẹ̀ sí ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á máa họ erùpẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n á fi ajọ̀ jọ ọ́, wọ́n á sì kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti jáde àti bó ṣe jìn tó sílẹ̀. Àpáàdì tí wọ́n bá yọ láìmọ ìpele rẹ̀ dà bí ojú ewé tí wọ́n ya kúrò nínú ìwé: ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ Ọ̀rẹ̀ dáadáa wà ní Okomu, igbó ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Benin, ẹkùn kan náà tí títì márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀ sí Benin là kọjá. Gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló ń kà á sí ẹgàn, nítorí igi ibẹ̀ ga, erin àti ọ̀bọ sì wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ igbó kan, E. W. Jones, ṣe ìwádìí níbẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1955 àti 1956. Nígbà tó gbẹ́ ilẹ̀ wò lábẹ́ àwọn igi gíga náà, èédú àti àpáàdì ló bá. Lee White àti John Oates padà sí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999. Àwọn náà bá ìpele èédú àti àpáàdì tó nà lọ lábẹ́ igbó, wọ́n yẹ ọjọ́ orí èédú náà wò, ó sì tó nǹkan bí 700 ọdún. Bí wọ́n ṣe ń mọ èyí kì í ṣe awo. Igi tó wà láàyè ń gba kábọ́nù láti inú afẹ́fẹ́, apá kékeré kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kábọ́nù 14, a sì máa dínkù fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí igi bá ń mí, ó ń gba tuntun dípò èyí tó lọ. Bí wọ́n bá ti gé e, kò gba tuntun mọ́. Ní ìgbà tí 5,730 ọdún bá pé, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Willard Libby ló gbé ọ̀nà ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ìlú Chicago ní ìparí àwọn ọdún 1940, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ ní 1960. Èédú tó ti lo 700 ọdún, nǹkan bí 92 nínú 100 kábọ́nù 14 rẹ̀ ló ṣì kù lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ka ohun tó kù, òun ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n gé igi náà.

Ẹ̀rí kejì kò sí lábẹ́ ilẹ̀. Orí ọkọ̀ agbégẹdú ló wà. Arère, afàrà àti ìrókò, tí àwọn onípákó Ọ̀rẹ̀ mọ̀ bí ẹni mọ owó, kì í fẹ́ òjìji nígbà èwe. Bí irúgbìn wọn bá bọ́ sí abẹ́ igbó dídí, ó lè yọjú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Ilẹ̀ tó là sí oòrùn ni wọ́n ń wá, bí oko tí wọ́n fi sílẹ̀ tàbí ibi tí ìjì ti wó igi. Ní Okomu, Jones ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi tó ga jù kò ní ọmọ lábẹ́ ara wọn. Báwo wá ni àwọn fúnra wọn ṣe rí oòrùn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré? Ìdáhùn tó bá èédú àti àpáàdì abẹ́ wọn mu ni pé ẹnì kan ti ṣán ibẹ̀ rí. Èyí ló mú ọ̀rọ̀ náà kan Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé gẹdú tó sọ Ọ̀rẹ̀ di ìlú pákó, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ irú igi tó máa ń jogún oko àtijọ́. Ẹ tún wo ibi tí Ọ̀rẹ̀ wà. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni Eredo Ìjẹ̀bú, yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ní àwọn ibì kan. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Iya, yàrà ilẹ̀ Benin, tí awalẹ̀pìtàn Patrick Darling fi ọ̀pọ̀ ọdún fi ẹsẹ̀ rìn, tó sì fojú bù ú pé gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó 16,000 kìlómítà. Inú igbó ni yàrà méjèèjì wà. Àwọn tó gbẹ́ wọn ní láti jẹun, wọ́n ní láti ní oko, ọ̀nà, ọjà àti ẹbí. Kò bá ọgbọ́n mu kí a gbà pé èrò kún ọ̀tún, èrò kún òsì, kí a wá sọ pé àárín ṣófo.

Irú ìgbé ayé wo ni àpáàdì àti èédú lè fi hàn wá? Ilé-Ifẹ̀ ló dáhùn èyí jù. Ní Ìta Yemòó, tí Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ rẹ̀ ní 1957, àti ní ilẹ̀ Ọbalárá, tí Peter Garlake walẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ògiri ti lọ, ṣùgbọ́n àgbàlá ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé àpáàdì ni wọ́n tò sí i. Wọ́n dúró lórí etí wọn ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀wọ́ kan dagun sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, bí ẹni hun ẹní, wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sí i níbòmíràn. Ibi tí àpáàdì náà bá ti gé tààrà ni ògiri wà; ibi tí wọ́n ri ọrùn ìkòkò sí láàárín rẹ̀ jọ ojú ìbọ. Láti ara ilẹ̀ alápáàdì nìkan, a mọ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà náà ń kọ́ ilé wọn yí àgbàlá ká, pé wọ́n ń sin òrìṣà nínú ilé, àti pé ìkòkò tó fọ́ kì í ṣòfò. Igbó Olókun sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ ní 2011 àti 2012, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì àti pàǹtí iṣẹ́ náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé ohun èlò ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gíláàsì náà, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Kó tó di ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé ìlú òkèèrè ni gíláàsì náà ti wá, tí àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún un yọ́, pọ̀ gan-an. Pàǹtí ló tú wọn fó.

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé yìí kò dọ́gba: odidi ilé àti àwòrán ara ògiri ló wà ní Pompeii, àpáàdì ló wà lọ́dọ̀ wa. Òótọ́ ni pé igbó ń gba púpọ̀ kó tó fi díẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọlá Pompeii wà náà ni ààlà rẹ̀ wà. Ọjọ́ ìkẹyìn ìlú kan ló fi hàn jù, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ tó wọ́pọ̀, nítorí ìlú náà ṣì ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 62. Àkìtàn inú igbó kò dúró lórí ọjọ́ kan. Láti ìran dé ìran ló ń ga: ti ìyá ńlá wà nísàlẹ̀, ti ọmọ-ọmọ wà lókè, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wà á á rí i bí batani ìkòkò ṣe ń yí padà, bí àgbàdo ṣe wọ ìlú, bí ìkòkò tábà ṣe tẹ̀ lé e. Ní Herculaneum, ìlú kejì tí òkè Vesuvius sin, àwọn awalẹ̀pìtàn tó fẹ́ mọ ohun tí mẹ̀kúnnù ń jẹ ní láti lọ wa gọ́tà abẹ́ ilé àwọn ènìyàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí egungun ẹja àti hóró èso ọ̀pọ̀tọ́. Bí ó bá jẹ́ pé pàǹtí náà ni wọ́n padà sí níbi tí odidi ilé wà, kò yẹ kí àwa máa fojú tín-ín-rín pàǹtí tiwa.

Ẹlòmíràn á béèrè bóyá iná inú igbó ló dá èédú náà sílẹ̀, pé àrá lè sán kí igi jó. Àrá lè jó igi kan, ṣùgbọ́n igbó tó tutù bí tiwa kì í dédé gba iná rẹpẹtẹ, àrá kì í sì í mọ ìkòkò. Ibi tí èédú àti àpáàdì bá ti jọ wà, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Bóyá ahéré ọdẹ lásán ni ńkọ́? Ọdẹ lè fọ́ ìkòkò kan tàbí méjì. Kò lè fọ́ ọ kárí igbó. Síbẹ̀ àtakò yìí ní èrè tirẹ̀, nítorí ó ń kọ́ wa pé àpáàdì kan kì í ṣe ìlú. Bí a bá rí ọ̀kan, a ní láti wá ìkejì, ẹ̀kẹta, ìdàrọ́, ọlọ àti òpin ògiri, kí a tó pe ibì kan ní ahoro. Ìṣọ́ra kan náà ló yẹ nípa ohun tó lé àwọn ènìyàn náà lọ. Gérard Chouin, tó ti walẹ̀ ní Ghana àti ní Ilé-Ifẹ̀, dábàá pé àjàkálẹ̀ àrùn tó run Yúróòpù ní ọ̀rúndún 14 lè ti dé ọ̀dọ̀ wa náà, nítorí pé àwọn ibùgbé kan dahoro ní àkókò kan náà. Àwọn mìíràn kò gbà, wọ́n ní kò tíì sí òkú kan láti ìgbà náà ní ilẹ̀ wa tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n bá àrùn náà lára rẹ̀. Àríyànjiyàn gidi ni, ilẹ̀ nìkan ló sì lè parí rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lójú ọ̀pọ̀ àgbà ni pé a ti ní ìtàn, kí ni a tún ń wá nínú ilẹ̀? Ìtàn àtẹnudẹ́nu tóbi, ẹni tó bá sì kó o dànù ti kó ara rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu ń gbé àti ohun tí ilẹ̀ ń gbé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra la Benin kọjá dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti dá wọn dúró. Ìjà náà gbóná débi pé ó di òwe: kò sí Yorùbá tó dàgbà tí kò gbọ́ “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” rí. Gbólóhùn yẹn pa ẹ̀rù ọjọ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí àwọn ọmọ ogun jẹ, ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí, tàbí ohun tí àwọn ará abúlé gbé sá lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò tíì pé 100 ọdún, mélòó mélòó ni ti 700 ọdún? Ìtàn tún nílò ẹsẹ̀ tó ń padà wá. Àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní 1923, wọ́n sì ń gun un padà fún ọdún Òròsùn, ìdí nìyí tí ìlú àtijọ́ náà ṣì fi ní orúkọ. Ìlú tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá kú tàbí tí wọ́n túká, ta ni yóò sọ tirẹ̀? Níbi tí ẹnu àti ilẹ̀ bá sì ti pàdé, àwọn méjèèjì a máa gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìlú. Ìtàn ló fún wa lórúkọ. Ìwalẹ̀ ló fi iṣẹ́ ọwọ́ náà hàn wá.

Ó ku àtakò kan tí ó lè ba gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ bí a kò bá dáhùn rẹ̀. Bí igbó bá ti hù padà lórí oko nígbà kan, kí wá ni ẹ̀rù igi gígé òní? Ẹ jẹ́ ká gé e, yóò tún hù. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ohun tí ìhù náà ná ilẹ̀. Àdá àti iná ni àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà fi ṣán oko, wọ́n fi gbòǹgbò sílẹ̀, igbó tó lè fún wọn ní irúgbìn wà nítòsí, lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ẹnikẹ́ni kò padà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ohun mẹ́ta yìí kò sí mọ́. Nínú igbó ọba Olúwa, ní ilẹ̀ Odigbo, wọ́n ti gé igi ìbílẹ̀ kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi láti gbin mẹ́línà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà ní Iwopin. Kòkó, ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn àgbẹ̀ sì gba ibòmíràn. Katakata tún ń ṣe ohun tí àdá kò lè ṣe láé: ó ń họ orí ilẹ̀ kúrò. Ìpele tí ekòló fi 700 ọdún tò, katakata lè tú u ká ní òwúrọ̀ kan, kí igi àti ìtàn abẹ́ rẹ̀ sì jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sọ pé kí ebi pa àgbẹ̀ nítorí àpáàdì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń ro ilẹ̀ tí òmíràn ti rò rí yẹ kó mọ̀ pé òun kọ́ ni àkọ́dé.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lu ilẹ̀ Agbabu, ní Odigbo kan náà, wá ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì, nítorí pé wọ́n gbà pé ọrọ̀ wà nísàlẹ̀. Ọrọ̀ mìíràn wà tí kò jìn tó ọ̀dà, tí ọkọ́ lè kàn nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kànga tàbí ṣáláńgá. Òfin ilẹ̀ wa láti 1979 ti sọ pé ẹni tó bá ṣèèṣì rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, níbi tí Ekpo Eyo ti hú àwọn ère amọ̀ Igbó Lájà jáde ní 1971. Àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ìwalẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó di ọkọ́ mú kò pọ̀: kó dúró díẹ̀, kó má fa ohun tó rí yọ, kó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà, kó wọn bó ṣe jìn tó, kó sì ránṣẹ́. Nígbà tí iná bá kú nílé wa láyé àtijọ́, àpáàdì ni a fi ń lọ fọnná lọ́dọ̀ ará ilé kejì. Àwọn tó gbé inú igbó yìí ṣáájú wa ni ará ilé kejì náà. Wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n àpáàdì wọn ṣì wà lábẹ́ arère, èédú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.